Ẹni tó bá yọ ẹja kúrò nínú ìkòkò l'Ẹ̀pẹ́, kí ni kó fi dípò rẹ̀?

#1 ÈbúteẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ládùúgbò wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá wa tú u palẹ̀.

Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ bàbá máa ń ru, ni wọ́n bá pinnu pé ohun ọ̀gbìn nìkan làwọn á máa jẹ: kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí edé, kò sí ẹyin. Ohun tó wá ń lọ nínú ilé náà báyìí rèé. Láàárọ̀, búrẹ́dì, bọ́tà àti tíì. Lọ́sàn-án, núdù ọ̀rá méjì-méjì fún àgbàlagbà. Lálẹ́, èbà àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi mágì mẹ́rin sè, kó lè dùn láìsí ẹja. Ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n fi ń ti oúnjẹ.

Ṣé èyí sàn ju ẹja lọ? Bí kò bá sàn, kí ni kí wọ́n fi dípò rẹ̀? Báwo sì ni wọ́n ṣe lè se ìkọ́kọrẹ́ láìfi ẹja sí i tí kò fi ní di iṣu lásán?

#2 Olùtọ́jú-Oúnjẹ (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìbéèrè, ará Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: kò sàn, ó burú ju ẹja lọ. Búrẹ́dì, núdù, bísíkíìtì, ẹlẹ́rìndòdò, kò sí ẹran nínú ọ̀kankan wọn lóòótọ́, ẹni tí kì í jẹ ẹran lè jẹ wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Àmọ́ oúnjẹ iléeṣẹ́ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iyọ̀ wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ. Mágì kan sábà máa ń wọn gíráàmù 4, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ iyọ̀. Mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 16, iyọ̀ inú rẹ̀ á tó 8. Bí ẹni márùn-ún bá pín in, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lé ní gíráàmù 1.5, a ò sì tíì bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Núdù ńkọ́? Sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ọ̀rá rẹ̀, kì í ṣe iyọ̀. Ẹ fi 2.5 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ẹ ó rí iyọ̀. Bí wọ́n bá kọ mílígíráàmù 1,000, iyọ̀ gíráàmù 2.5 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá méjì ti kó ti odindi ọjọ́ kan jẹ tán lọ́sàn-án gangan, ẹlẹ́jẹ̀ ríru ló sì ń jẹ ẹ́.

Ṣúgà náà bẹ́ẹ̀. Bí ara ìgò bá kọ gíráàmù 10 sí mílílítà 100, ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50 dání, ìyẹn nǹkan bíi kóró ṣúgà méjìlá. 50 yìí náà ni òkè ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí ṣúgà àfikún fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ ló dáa jù.

Carlos Monteiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo ní Bùràsíìlì pín oúnjẹ sí ìpele mẹ́rin, wọ́n wo bí iléeṣẹ́ ṣe tún un ṣe tó. Ìpele kìíní ni ẹ̀wà, iṣu, ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja tútù. Èkejì ni ohun tí a fi ń se oúnjẹ: epo, iyọ̀, ṣúgà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi ìpele kejì tọ́jú, bí ẹja oníyọ̀. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọ́n fi èròjà tí kò sí ní ilé ìdáná ẹnikẹ́ni pò pọ̀. Ní 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà kó ogún èèyàn sínú ilé kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ìpele kẹrin fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún fún wọn ní oúnjẹ gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí kálukú wọn jẹ ìwọ̀n tó wù ú. Nígbà tó jẹ́ oúnjẹ iléeṣẹ́, kálórì tí wọ́n ń jẹ fi nǹkan bí 500 pọ̀ sí i lójúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí kílò kan sanra. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tó wà nínú oúnjẹ méjèèjì dọ́gba nígbà tí wọ́n gbé e síwájú wọn o.

Ohun tí ìdílé yẹn máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n jáwọ́ nínú núdù àti ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀rọ̀ ẹja lè tẹ̀ lé e.

#3 Ìyá Ẹlẹ́wà (Ṣàbó, Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun, Olùtọ́jú. Ìkòkò ẹ̀wà ni tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà sídìí núdù. Wọ́n á ní ẹ̀wà ń kún àwọn nínú, wọ́n á ní ó ń jẹ gáàsì.

Ìdí wà tí inú fi ń kún. Irú ṣúgà kan wà lára ẹ̀wà tí ìfun wa ò lè dà. Àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀. Omi ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi òmíràn sè é. Kí ẹ má rẹ ẹ́ láti alẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì láìpààrọ̀ omi nínú ooru yìí, á kan, á yọ fófòó. Ẹ̀wà tó ti mumi tó, àkókò tí yóò lò lórí iná á dín kù gan-an, owó gáàsì náà á fúyẹ́.

Káún ń jẹ́ kó tètè rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, sódíọ̀mù sì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì kó tòmátì tàbí ohun kíkan sí i kó tó rọ̀. Ohun kíkan ń mú èèpo ẹ̀wà gan ni, ẹ ó sè é títí á ṣì máa ta kókó lẹ́nu.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ gbé e sún mọ́ imú. Tó bá ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ dá a padà. Àwọn kan ń da apakòkòrò sínú àpò, fífọ̀ àti rírẹ ò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ sàn ju èyí tí kòkòrò sá fún. Bí ẹ bá délé, ẹ kó o sínú fìríìsà fún ọjọ́ mẹ́rin, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú kéègì gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le. Ẹni tó ń ra àpò lè lo àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kò nílò oògùn rárá.

#4 Ẹlẹ́ja-Olúwo (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹja díẹ̀. Ẹja kọ́ ló gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọlé yẹn. Ẹ̀pìyà tàbí ṣáwá tútù tí ẹ fi ata àti àlùbọ́sà sè, iyọ̀ inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ọ̀rá inú ẹja olọ́ràá bíi ṣáwá wúlò fún ọkàn. Ara lè fi ọ̀rá inú ohun ọ̀gbìn ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegun teegun tún ń fún eegun lókun.

Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni ẹja oníyọ̀, èyí tó wà nínú agolo, àti ẹja yíyan tí wọn ò yan dáadáa. Èéfín ń fi oró tó lè fa jẹjẹrẹ sára ẹja, ó sì ń pọ̀ bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sínú iná, bí igi bá tutù, tàbí bí wọ́n bá fi pákó ọlọ́dà àti náílọ́ọ̀nù dáná. Ẹja tó dúdú bí èédú, tó korò lẹ́nu, ẹ bó awọ rẹ̀ dànù. Ara awọ ni púpọ̀ oró yẹn wà.

Ẹ̀wà dáa, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀wà nìkan lè bọ́ àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ agbára?

#5 Olùtọ́jú-Oúnjẹ (Ìkòròdú)

Ó lè bọ́ ọ, tí kò bá dá wà. Èròjà amúaradàgbà tí àgbàlagbà nílò jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.83 sí kílò ara kan. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò 50 lójúmọ́. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 23. Ẹ̀gúsí gíráàmù 40 ní nǹkan bí 11. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, gíráàmù 30, ní 7. Ìrẹsì tàbí àgbàdo gbígbẹ gíráàmù 150 ní bíi 10. Ó ti pé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára, kó fi ẹ̀wà kún un. Àmọ́ gàárì gíráàmù 100 ò ní ju bí ẹyọ kan lọ. Ilé tó bá gbára lé èbà, tí kò ní ẹ̀wà, tí kò ní ẹja, ebi èròjà yìí ń pa á, bó tilẹ̀ yó.

Àwọn ìyá wa tó ń se àdàlú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láísìnì àti mẹ́tíónìnì wà lára ohun tó para pọ̀ di amúaradàgbà. Àgbàdo ò ní láísìnì tó, ẹ̀wà ní i dáadáa. Mẹ́tíónìnì ò pọ̀ nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní i. Wọn ò ní láti wà nínú abọ́ kan náà. Bí èèyàn bá mu ògì láàárọ̀ tó jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án, ara á kó wọn pọ̀.

Ẹlẹ́ja, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ẹja tútù. Ẹran inú agolo àti sọ́séèjì ni ẹ jẹ́ ká jọ lé lọ. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ kà wọ́n mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ní 2015. Gíráàmù 50 lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

#6 Nọ́ọ̀sì-Àdúgbò (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ yẹn ná. Àgbà lè yan ohun tó wù ú. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2023 ni pé kí ọmọ láti oṣù mẹ́fà dé oṣù mẹ́tàlélógún máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ kéré. Kò lè jẹ ẹ̀wà tó máa kó gbogbo èròjà irin àti síńkì tó nílò. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹja rárá, kí wọ́n fún un ní ẹyin kan lójúmọ́, kó jiná dáadáa. Mílíìkì sóyà inú ọ̀rá ò lè rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ọmọ ọwọ́ o.

Fítámì B12 ló kàn. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà nìkan ló wà bí kò bá ṣe pé iléeṣẹ́ fi sí oúnjẹ. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń kó o pamọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ọdún kìíní lè kọjá láìsí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, àárẹ̀ á dé, ahọ́n á pupa á sì máa ro, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan. Fólétì, irú fítámì kan, pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tútù; ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dúró dáadáa nínú àyẹ̀wò nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Tí iṣan bá sì ti bàjẹ́ pẹ́, kì í sábà padà sípò tán.

Ẹni tó bá ń jẹ ohun ọ̀gbìn nìkan, kó lo oníhóró B12: máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Bí ìwọ̀n tí èèyàn gbé mì lẹ́ẹ̀kan bá ṣe tóbi tó ni ìdá tí ara ń gbà nínú rẹ̀ ṣe ń kéré sí. Kí aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú má fi ti wọn ṣeré, torí ọmọ náà ò ní rí i gbà lọ́dọ̀ ìyá tí kò ní. Ẹni tó ń lo metformin nítorí ìtọ̀ ṣúgà náà, oògùn yẹn ń dí B12 lọ́nà, kó béèrè fún àyẹ̀wò rẹ̀.

#7 ÈbúteẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì. Ṣé irú ò ní B12 yẹn ni? Ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò ni pé ohun tó bá ti kan tàbí tó bu ló ní in.

#8 Nọ́ọ̀sì-Àdúgbò (Ẹ̀pẹ́)

Irú ò ní èyí tó ṣeé gbára lé, ògì náà ò ní. Kòkòrò kan ló ń ṣe B12, àmọ́ kì í ṣe gbogbo kòkòrò tó ń mú oúnjẹ kan ló ń ṣe é. Ẹ máa fi irú sè, ó dáa, ẹ tún lo oníhóró yín.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ò tètè wọ ara bíi ti ẹran. Fítámì C ló ń ṣílẹ̀kùn fún un: gúrófà, ọsàn, ìbẹ́pẹ, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fún sórí ẹ̀wà lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná. Tíì ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Tíì tí wọ́n ń mu pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ yẹn, kí wọ́n sún un síwájú wákàtí kan ó kéré tán.

Iyọ̀ wọn ní láti jẹ́ oníáyódíìnì, torí ẹja inú òkun ló ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní áyódíìnì, wọ́n sì ti yọ ọ́. Gàárì tí wọn ò jẹ́ kó kan tó tún máa ń ní oró ẹ̀gẹ́ tó ń bá áyódíìnì jà nínú ara. Ibẹ̀ ni gẹ̀gẹ̀ ti ń wá. Ẹ má gbé iyọ̀ sínú oòrùn tàbí sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, áyódíìnì inú rẹ̀ ń fò lọ. Ẹ rà á, ẹ dé e, ẹ lò ó níwọ̀nba.

#9 Oní-Wàrà-Sóyà (Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú)

Ẹ kú àpérò. Ohun tó máa wọ ìkòkò dípò ẹja ni mo gbé wá. Wàrà sóyà, ìyẹn omi sóyà tí a sè tí a sì mú dì. Sóyà gbígbẹ ní nǹkan bíi gíráàmù 36 èròjà amúaradàgbà nínú 100, kò sí ẹ̀wà wa kankan tó bá a dọ́gba.

Ẹ fi gíráàmù 500 ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 2 omi fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ó ti rẹ̀ tó nígbà tí ẹ bá là á sí méjì tí inú rẹ̀ tẹ́jú. Tí àárín bá ṣì ní kòtò, kò tíì tó. Ẹ fi ọwọ́ ra á kí èèpo bó, ẹ jẹ́ kí èèpo léfòó kí ẹ dà á nù. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́, torí omi tútù ló ń jẹ́ kí òórùn ẹ̀wà tútù yẹn dìde. Kí ó kúnná bí ògì. Ẹ fi aṣọ ìsẹ́gì sẹ́ ẹ, kí gbogbo omi tí ẹ lò pé lítà 4 tàbí 4 ààbọ̀. Ẹ fún un dáadáa. Èérí rẹ̀ ò ṣeé jẹ lásán, àmọ́ ẹ lè pò ó mọ́ àkàrà.

Ẹ wá gbé omi sóyà kaná nínú ìkòkò tí yóò ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́ta kó kún, nítorí fófòó rẹ̀ máa ń ru lójijì. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ máa fi ọmọrogùn họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, òun ló tètè ń jóná, gbogbo wàrà á sì gbọ́ òórùn jíjóná. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kó rọra máa hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má gé e kúrú o, èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara da amúaradàgbà, iná nìkan ló ń pa á.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ po oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́rin mọ́ omi ife kan, tàbí kí ẹ mú omíkan ògì ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ife mẹ́ta. Ẹ dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ rọra rò ó lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ó rí i tí yóò pín: kókó funfun lókè, omi pípọ́n tó mọ́ bí omi ọsàn nísàlẹ̀. Ẹ bù ú sínú aṣọ, ẹ di í, ẹ gbé ohun tó wúwo tó kílò méjì lé e fún ìṣẹ́jú ogójì. Ẹ ó rí nǹkan bíi gíráàmù 700 sí kílò kan, bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó.

#10 ÈbúteẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí kò bá dì ńkọ́? Tí iná ò bá sì sí, ọjọ́ mélòó ni?

#11 Oní-Wàrà-Sóyà (Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú)

Tí omi ìsàlẹ̀ bá ṣì funfun bíi mílíìkì, ohun kíkan ò tíì tó. Ẹ fi ṣíbí kan sí i, ẹ tún dúró. Tó bá dì ṣùgbọ́n tó rún wómúwómú bí èérún búrẹ́dì, ohun kíkan ti pọ̀ jù tàbí ẹ rò ó jù. Tí kò bá dì rárá pẹ̀lú omi kíkan tó pọ̀, ó ti tutù kí ẹ tó dà á sí i, tàbí omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́ pọ̀ jù. Ẹ gbé e padà sórí iná títí yóò fi gbóná.

Ní fìríìjì, ẹ rì í sínú omi mímọ́ kí ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Láìsí iná, ẹ sè é lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Ó ń yọ̀ ṣìlàṣìlà kó tó rùn, ẹ fi ìka kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ kó le bí ẹja nínú ọbẹ̀, ẹ gé e, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá fi òróró ṣíbí méjì yí i lójú agbada. Ẹ má rì í sínú òróró jíjìn, ó ń mu ún bíi tìmùtìmù.

#12 Ọmọ-Àgbádárìgì (Àgbádárìgì)

Ẹ kí gbogbo ilé. Ọ̀nà ẹ̀wà mìíràn rèé láti ọ̀dọ̀ wa tí àgbọn pọ̀ sí: fírèjọ̀n tí àwọn Kátólíìkì Èkó ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹ̀wà ife mẹ́ta, kó rọ̀ títí á fi ń fọ́ fúnra rẹ̀, láìsí iyọ̀. Àgbọn pípọ́n méjì, ẹ rin ín, ẹ fi omi gbígbóná ife mẹ́rin fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ lọ ẹ̀wà pọ̀ mọ́ wàrà àgbọn, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sórí iná kékeré, ẹ máa rò ó fún ogún ìṣẹ́jú títí yóò fi ki bí ògì. Ẹja ata ni wọ́n sábà fi ń jẹ ẹ́. Ẹ fi wàrà sóyà tí ẹ fi ata dín dípò.

Òróró àgbọn náà dáa fún gbogbo nǹkan, kí wọ́n máa fi se gbogbo ọbẹ̀ wọn, kódà kó jẹ́ oògùn ọkàn.

#13 Olùtọ́jú-Oúnjẹ (Ìkòròdú)

Fírèjọ̀n yẹn wù mí, ẹ ṣeun. Àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kọjá. Ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú òróró àgbọn ló jẹ́ irú èyí tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú ga. Ti epo pupa jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa fi ti àgbọn ta oúnjẹ lénu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe oògùn ọkàn. Òróró sóyà tàbí ti ẹ̀pà ló yẹ fún ọbẹ̀ ojoojúmọ́.

Epo pupa ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, ó wà nínú àwọ̀ pupa yẹn gan-an. Ẹni tó bá yọ́ ọ títí ó fi funfun ti sun ún dànù, èéfín ló sì kù fún un láti fà símú. Ṣíbí ìjẹun kan nínú òróró èyíkéyìí jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Ìkòkò ẹ̀fọ́ ẹni márùn-ún ò nílò ju ṣíbí mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Epo tó léfòó lórí ọbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dùn.

Ẹ̀fọ́ náà: ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ tán kí a tó fọ̀ ọ́ ń tú fítámì C sínú omi. Gbúre àti ṣọkọ ò nílò bíbọ̀ pípẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Àpapọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso kí ó tó gíráàmù 400 lójúmọ́ fún àgbàlagbà. Ìrẹsì funfun tí wọ́n bó dán, ìpele èèpo rẹ̀ tó ní fítámì B1 ti lọ. Ìrẹsì dídán tí a bá jẹ láìsí ẹ̀wà ń sọ abọ́ di ṣúgà lásán. Ìdajì ìrẹsì, ìdajì ẹ̀wà.

#14 Ìyá Ẹlẹ́wà (Ṣàbó, Ìkòròdú)

Wọ́n ti gbàgbé ìkọ́kọrẹ́ arákùnrin yìí o. Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é; bí baálé bá sì ti ní òun ò jẹ ẹja mọ́, kí ìyáálé mọ bó ṣe máa ṣe ìkòkò náà.

Ewùrà ni, kì í ṣe iṣu funfun. Ti iṣu funfun kì í dì mọ́ra, ó máa ń tú ká bí ògì. Kílò kan ààbọ̀. Ẹ fi epo pa ọwọ́ kó má baà yún yín, ẹ bó o, ẹ rin ín lójú ìrin wẹ́wẹ́. Kó má pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ rin ín, á dúdú.

Ẹ lọ tàtàsé mẹ́ta, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá kan. Ẹ gbé omi ife mẹ́rin kaná, ẹ da ata sí i, epo pupa ṣíbí mẹ́rin, irú ṣíbí méjì tí ẹ ti fọ̀ kí iyọ̀ rẹ̀ dín, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kò sí mágì. Ẹ jẹ́ kó hó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Adùn ẹja tí wọ́n ń wá, irú, àlùbọ́sà tí ẹ dín díẹ̀, àti olú gíráàmù 200 tí ẹ fà ya ló máa fún wọn. Ẹ ra olú lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ti inú igbó tí ẹ ò mọ̀ dájú, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ bu ewùrà kékeré-kékeré sínú rẹ̀. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ má fi ṣíbí kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á rò ó kí kókó tó dì, gbogbo rẹ̀ á di àmàlà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọmọrogùn rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, kí ìdajì kókó ṣì dúró. Ẹ wá kó wàrà sóyà gíráàmù 400 tí ẹ ti yí lójú agbada sí i, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ewùrà fúnra rẹ̀ ò ní ju gíráàmù méjì amúaradàgbà lọ nínú 100. Tí ẹ ò bá fi sóyà sí i, iṣu lásán ni wọ́n jẹ lóòótọ́.

#15 ÈbúteẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: ẹyin tàbí ẹja fún àbíkẹ́yìn, B12 fún àwọn tó kù, núdù àti ẹlẹ́rìndòdò jáde, tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Ìbéèrè ìkẹyìn: bí ẹ̀jẹ̀ bàbá bá wálẹ̀, ṣé kó dá oògùn dúró?

#16 Nọ́ọ̀sì-Àdúgbò (Ẹ̀pẹ́)

Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó máa wọn ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó gbé ìwé náà lọ bá dókítà rẹ̀. Dókítà ló máa dín oògùn kù bí nọ́ńbà bá fi hàn bẹ́ẹ̀. Kó sì sọ fún un pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà púpọ̀, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń jẹ́ kí pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọ́ náà sì ní i lọ́pọ̀. Bó bá ní àìsàn kíndìnrín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kó tó fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún abọ́ rẹ̀.